Ìgúnpá Adéfọlá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹrin

Kóòṣì kú lánàá.

Lórí àga rẹ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀pà lọ́wọ́. Mo rò pé ó sùn lọ ni. Wọ́n ń tún eré ọjọ́ Àìkú gbé, èyí tó ti wò tẹ́lẹ̀, tó sì ti bú rẹfirí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Kóòṣì kì í bú rẹfirí lẹ́ẹ̀kan kó tó o. Rẹfirí tún ṣe àṣìṣe yẹn. Kóòṣì ò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, ẹ ò rí wèrè yìí ni?" Kò dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Eunice Oyèwùmí, ìyá bàbá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Kóòṣì. Ká ní mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ ni, ì bá ti ju bàtà lù mí.

Gbogbo ẹni tó ń pè ló ń sọ pé ó tọ́jọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Tọ́jọ́ bíi ti báwo? Season baseball ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹrin

Òfin Kọkànlá ti gbàjọba.

Uncle Akíntóyè ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, díákónì. Mósè kò rántí kọ ọ́ mọ́ àwọn mẹ́wàá ni. Ó wakọ̀ láti Hampton wá sí Lilburn láàárọ̀ kùtù, ó jókòó sí àárín pálọ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí pín iṣẹ́ bí ẹni ń pín ẹran Kérésì. Òun nìkan ló kù nínú ọmọ Màmá. Àwọn méjì péré ni Màmá bí. Bàbá mi ni èkejì, ó sì ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Mọ́mì mi fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n kó lọ Houston. Èmi àti Kóòṣì dúró síbí.

Ìsìnkú di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ó ní èmi ni kí n kọ ìtàn ayé Màmá tí a máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sì ti sọ gbogbo nǹkan tó máa wà níbẹ̀: ìbí ní Ìkìrun, ìrìbọmi, ìgbéyàwó, àdúrà, àdúrà, àdúrà, ó parí. Mo ní, "Baseball ńkọ́, sà?" Ó wò mí bí ẹni tó da ọtí sórí pẹpẹ.

"Kíkẹ́, inú ilé Ọlọ́run la ti fẹ́ kà á o."

Kò wo eré kan rí. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti rí eré yìí ni kò ti bi òun pé ṣé òun ti jẹun mọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ń jowú tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

Wọn ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n yáa sọ ọ́ níbí.

Kóòṣì wá sí Atlanta láti wá tọ́jú mi nígbà tí wọ́n bí mi. Gbogbo ilé á lọ síbi iṣẹ́, á ku òun, èmi tí mo ń sunkún, àti tẹlifíṣọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju ti inú ọjà lọ. Ó ń yí channel: àwọn kan ń fẹnu kora wọn, ó di mí lójú. Àwọn kan ń gbá ara wọn mọ́lẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tó dà bí ẹ̀gúsí, ó ní ìjà ìgboro nìyẹn. Ó wá kan àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n dúró lórí koríko, tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn tó lẹ́kọ̀ọ́."

Àlàyé rẹ̀ nìyí, ó sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà: o lè gbé ẹ̀wà kaná, kí o lọ gbàdúrà, kí o tún pe Ìkìrun lórí fóònù, kí o padà wá, wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Eré àgbà nìyẹn.

Itọ́ tí wọ́n ń tu nìkan ni kò lè fara mọ́. "Ṣé gbogbo wọn ló lóyún ni?"

Kò lè pe orúkọ wọn, nítorí náà ó sọ wọ́n lórúkọ. Lóṣòó ni ẹni tó ń lóṣòó mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ọkọ Ìyàwó ni èyí tó rẹwà. Àgbàyà ni ẹni tó ń ju igi káàkiri tí igi rẹ̀ kì í kan nǹkan kan. Bí ọ̀tá bá mú igi, á na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, á máa ka Sáàmù àwọn ọ̀tá lé e lórí. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́. Mo ti rí i tí kò ṣiṣẹ́, ó ní òyìnbó yẹn náà ní ìyá tó ń gbàdúrà ni.

Nígbà tí mo gbowó oṣù mi àkọ́kọ́, pápá àwọn Braves, ẹgbẹ́ baseball Atlanta wa, ni mo gbé e lọ. Mọ́ínmọ́ín wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ báàgì bi í pé kí nìyí. Ó ní, "Medicine." Ó jẹ mẹ́ta.

Háà, Kóòṣì. Àárò rẹ ń sọ mí báyìí tó jẹ́ pé mi ò lè tan tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Warehouse, Union City. Ọ̀gá mi ní òun bá mi kẹ́dùn gan-an. Ó wá ní ṣé mo lè ṣe shift ọ̀la. Orí ẹ pé báyìí?

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Wàhálà ti dé o. Wàhálà ńlá.

Àwọn ìyá aládùúrà wá kí wa. Jẹ́nẹ́rà ló ṣáájú, ìyẹn Mummy Bámgbóyè, olórí wọn, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," àwọn ọmọ ọwọ́ gan-an á dákẹ́. Àwọn ló ń ṣe àdúrà orí fóònù ní aago márùn-ún ìdájí, obìnrin nìkan, ọkùnrin kì í wọlé. Kóòṣì ò pa á jẹ rí.

Wọ́n sunkún, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ puff-puff. Jẹ́nẹ́rà wá nu ojú, ó kọjú sí Òfin Kọkànlá.

"Díákónì, Adéfọlá ńkọ́? Ṣé ó ti gbọ́?"

Òfin Kọkànlá ní, "Ta ni Adéfọlá?"

Jẹ́nẹ́rà rò pé ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú. Ó fọwọ́ lé e léjìká. "Adéfọlá, àbúrò yín. Ọmọ Màmá tí ìgúnpá rẹ̀ já lọ́dún tó kọjá. A gbààwẹ̀ fún un. Ṣé á lè wọkọ̀ òfúrufú wá báyìí?"

Puff-puff há mi lọ́fun. Aunty Hephzibah, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, ń gbá mi lẹ́yìn, mo ń wúkọ́, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n máa wúkọ́ lọ títí wọn á fi lọ sílé. Uncle gbé puff-puff ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó bi mí pé, "Kíkẹ́, ìwọ lo bá a gbé. Ta ni Adéfọlá?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Mo mọ̀ dáadáa.

Adéfọlá kì í ṣe ọmọ Màmá. Adéfọlá kì í ṣe Yorùbá. Adéfọlá ò mọ̀ pé òun ń jẹ́ Adéfọlá. Òyìnbó ni, ọmọ Texas, ó ga bí òpó iná, irùngbọ̀n pupa, ó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn Braves. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jù ú, wọ́n lu bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ẹni lu bàrà. Wọ́n yọ ọ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi tówẹ̀lì borí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kóòṣì dìde lórí àga. "Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé kò ní ìyá ni?" Ó bá gbà á tọ́ níbẹ̀. Àwọn tó kù ní ìnagijẹ, Adéfọlá ní orúkọ.

Nígbà tí ìgúnpá rẹ̀ já lọ́dún tó kọjá, Kóòṣì ò jẹun lọ́jọ́ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ń po tíì, mo gbọ́ ọ lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ìyá: "Ẹ bá mi gbé e lọ síwájú Olúwa, ọmọ mi Adéfọlá, wọ́n fẹ́ la ìgúnpá rẹ̀." Mo da tíì sára. Jẹ́nẹ́rà kéde ààwẹ̀ aláìmumi. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn o! Àwọn tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní hospital. Ebi pa wọ́n nítorí ìgúnpá ọmọ Texas.

Mo bá a jà. Mo ní, "Màmá, irọ́ lẹ pa."

"Irọ́ wo? Ṣé ìgúnpá rẹ̀ ò já ni?"

"Ẹ pè é ní ọmọ yín."

"Ta ló ń sunkún rẹ̀ jù mí lọ?"

Ẹjọ́ tán. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, Kóòṣì jẹ́rìí lórí fóònù, wọ́n hó. Jẹ́nẹ́rà fún un ní òróró kó fi pa á lápá. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi Adéfọlá hàn, Kóòṣì á fi òróró yẹn pa ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ibi tí mo wà nìyí. Bí mo bá sọ, àwọn ìyá á mọ̀ pé ó fi ebi pa wọ́n lórí eré, wọn á máa pòṣé lórí pósí rẹ̀. Bí mi ò bá sọ, Uncle á gbà pé ìyá òun bí ọmọ níta, ó sì fi pamọ́ fún òun. Kóòṣì, wo nǹkan tí o ṣe fún mi. O wá lọ kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Òfin Kọkànlá pe Ìkìrun. Ó bá ìbátan Màmá kan sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó bi í bóyá Màmá ní ọmọ mìíràn. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Mi ò fẹ́ dá sí i."

Ó tán. Uncle ti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò fẹ́ dá sí ohunkóhun láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n! Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé òjò rọ̀ ní Ìkìrun, ó ní òun ò fẹ́ dá sí i.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún

Ó burú sí i. Uncle ní òun ò ní da erùpẹ̀.

Àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí, gbogbo wa la mọ̀. Bí kò bá ṣe é, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á bèèrè ìdí. Ó ní kí pásítọ̀ wá ẹlòmíì. Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. Ó kàn ń wo fọ́tò Màmá lára ògiri, ó ní, "Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ sin."

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Mo fi yán.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún

Mo rò pé mo ti mọ bí nǹkan ṣe lè burú tó. Mi ò mọ nǹkan kan.

Uncle wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rù. Ó ní òun ti gbàdúrà lórí ẹ̀. Ó ní ọmọ ni ọmọ, ibi yòówù kí wọ́n ti bí i. Kí n kọ Adéfọlá sínú ìtàn náà, kí n kọ ọ́ tẹ̀lé bàbá mi. Ó ti ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un ní ìlà iwájú. Ó ti tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe ní Hampton. Ó ti ra fìlà fún un, kò mọ bí orí rẹ̀ ṣe tóbi tó, ó wá ra méjì.

Ó wá jókòó. Ó ní, "Kíkẹ́, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò ní ẹni tí mo lè pè ní àbúrò mọ́. Mo wá gbọ́ pé mo ní ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ bínú ni. Ó ti tán báyìí. Ẹ ṣáà bá mi wá a."

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi, mo bú Kóòṣì dáadáa. Lẹ́yìn náà mo sunkún.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Karùn-ún

Mo ti sọ fún un.

A ń lọ gba ìwé ètò ìsìn lọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Lilburn. Orúkọ náà ti wà nínú rẹ̀ gbàgàdà, lábẹ́ ti bàbá mi. Kí Uncle tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò mo di apá rẹ̀ mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tówẹ̀lì dé orí òróró. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo fi fọ́tò Adéfọlá hàn án lórí fóònù.

Ó wò ó pẹ́. Mo rò pé á bú mi. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀, ǹ bá ti mọ ohun tí n máa ṣe.

Ó ní, "Kò wá sí Adéfọlá kankan."

Mo ní, "Ó wà, sà. Kì í kàn ṣe..."

"Èmi nìkan ló ṣì kù."

Ó sunkún nínú parking lot, níwájú ilé oúnjẹ àwọn Kòríà, àwọn ènìyàn ń gbé oúnjẹ wọn kọjá. Mi ò rí i kó sunkún rí. Kò sunkún nígbà tí Màmá kú. Mo sunkún tẹ̀lé e. A ò gba ìwé ètò kankan lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún

Kò gbé fóònù mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Ó pè. Ó ní, "Kà á bó ṣe rí. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ti sú mi." Mo ní, "Erùpẹ̀ ńkọ́, sà?" Ó ti gé fóònù.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún

A ti sin Kóòṣì.

Mo kà á. Mo ka Ìkìrun, mo ka ìrìbọmi, wọ́n ń ṣe àmín. Mo wá ka baseball. Mo ka itọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ka Adéfọlá.

Ẹ̀rín dá. Pásítọ̀ gbójú sókè, ó ń ka iná àjà. Mo rí ojú àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yé wọn. Mo ní Màmá ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé bó ṣe ń sunkún àwa tó bí ló ṣe sunkún ọmọkùnrin yẹn, àti pé kò sí ẹlòmíì láyé yìí tó lè fọkàn tán láti bá a gbàdúrà àfi àwọn.

Jẹ́nẹ́rà dìde. Nínú ìsìn o! Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Kíkẹ́. Òyìnbó ni mo gbààwẹ̀ fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Aláìmumi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mí sínú, ó mí síta. Kò sẹ́ni tó mí pẹ̀lú rẹ̀.

"Ìgúnpá náà ńkọ́? Ó san àbí kò san?"

Mo ní ó san, mà. Mo ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ló máa kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà. Jẹ́nẹ́rà kọjú sí ìjọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run wa kì í wo àwọ̀?" Ilé ya! Aunty Hephzibah nìkan ni kò dìde. Ó ń ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà ààwẹ̀ yẹn, kò sì tíì kí mi títí di báyìí. Ó lẹ́tọ̀ọ́.

Ní ibojì, pásítọ̀ na ṣọ́bìrì sí Uncle. Kò gbà á. Ó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán bu erùpẹ̀, ó dà á sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó sọ:

"Màmá, ká ní ẹ pè mí ni, ǹ bá ti jókòó tì yín, ká jọ máa wò ó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún

Uncle ní kí n wá sí Hampton lẹ́yìn iṣẹ́ wá bá òun wá channel náà. Òun ò mọ ibi tó wà. Mo bá a nínú agbádá, àfi bí ẹni ń retí àlejò.

Jẹ́nẹ́rà wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù. Wọ́n ti ṣí àdúrà aago márùn-ún ìdájí ní ìrọ̀lẹ́, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Fóònù wà lórí tábìlì, ohùn wọn ń jáde. Wọn kò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn, èmi ni mò ń ròyìn.

Adéfọlá jáde. Uncle ní, "Èyí?"

"Òun ni, sà."

Ó wo irùngbọ̀n pupa yẹn títí. "Màmá yìí o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè. Kí ló dé tí wọ́n dúró? Ta ni tiwa? Kí ló dé tó tutọ́? Mo ń ṣàlàyé, ó ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù tuntun. Adéfọlá ju bọ́ọ̀lù, wọn ò rí i lù. Ó tún jù ú. Àwọn ìyá ń pariwo Halleluyah kí n tó parí gbólóhùn.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Adéfọlá. Wọ́n lu bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá wọn jáde wá bá a láàárín pápá, ó na ọwọ́ kó gba bọ́ọ̀lù. Uncle ní kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n fẹ́ yọ ọ́ ni, sà. Wọ́n ní ó tó.

Adéfọlá mi orí. Ó di bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kò fún un.

Uncle dìde. Gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́, kò mú un. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì kígbe débi pé ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí gbó:

"Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀!"

Gbogbo àwọn ìyá dáhùn láti inú fóònù: "Àmín!"